Bí mo ṣe ń ya àwòrán ọ̀nà dáńfó tó ṣeé fọwọ́ fà

D3.js, àkójọ kóòdù JavaScript fún yíya àwòrán dátà lórí wẹ́ẹ̀bù, ni mo fi ń ṣe é ní Yábà níbí. Sọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan di àmì róbótó: Yábà, Ojúẹlẹ́gbà, Òṣòdì, CMS. Ibi tí dáńfó bá ń ná tààrà ni kí o fa ìlà sí. Nínú D3, agbára tó ń jẹ́ forceLink ló ń fà wọ́n mọ́ra, forceManyBody ló ń tì wọ́n jìnnà síra. -30 ni agbára ìtì yẹn látilẹ̀. Èmi máa ń sọ ọ́ di -200, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Òṣòdì á há gádígádí bí Òṣòdì gan-an.

Má kọ gbogbo orúkọ sójú àwòrán. Bí èèyàn bá tẹ àmì kan ni kí orúkọ rẹ̀ yọ, kí àwọn ìlà tó kàn án tàn, kí ìyókù ṣú. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ o, torí fóònù kò ní máòsì. Bí àmì bá ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, fi SVG, tó ń sọ àmì kọ̀ọ̀kan di ohun ọ̀tọ̀ lójú ìwé, sílẹ̀; lo canvas, tó ń kùn gbogbo wọn sójú pátákó kan ṣoṣo, kó má baà falẹ̀.