Oko Aládùúgbò Ni Ilé Ẹ̀kọ́: Bí Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ṣe Lè Fi Ìrànwọ́ Ìjọba Kọ́ Ara Wọn Ní Ìtọ́jú Ilẹ̀

Láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, àti lágbègbè àwọn òkè Àkókó, oko tó dagẹ̀rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ẹni tó kọ ebè láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ti la ọ̀nà fún àgbàrá. Òjò ńlá bíi mélòó kan láàárín oṣù kẹfà ti tó láti kó ilẹ̀ dúdú lọ sódò, àti ajílẹ̀ tí a fowó rà pẹ̀lú rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ADP, ìyẹn ètò ìjọba fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, kan ṣoṣo kò lè dé gbogbo oko. Láyé ìgbà tí Báńkì Àgbáyé ń ran ADP lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni òṣìṣẹ́ ń bẹ àgbẹ̀ tí wọ́n yàn wò, kí ìyẹn lè sọ ohun tó kọ́ fáwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ náà kì í jìnnà. Láàárín àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní Indonesia ni ọ̀nà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1989: ẹni bíi 25 ń pàdé nínú oko kan náà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí irúgbìn yóò fi gbó. Èyí kò ṣàjèjì sí wa, àáró ni. Dípò kí a máa yí ọkọ́ ká, ìmọ̀ ni à ń yí ká.

Ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ ìjọba

Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó kéré tán, ẹni mẹ́wàá. Tí ẹ bá lọ bá ADP tàbí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ má ṣe fi àpò ajílẹ̀ ṣáájú. Ẹgbẹ́ tó kóra jọ torí ajílẹ̀ ọ̀fẹ́, ọjọ́ tí ajílẹ̀ tán ló ń tú ká. Ẹ béèrè owó ọkọ̀ fún àgbẹ̀ tó máa wá kọ́ yín láti ìlú mìíràn, oúnjẹ ọjọ́ ìpàdé, irúgbìn koríko, àti owó díẹ̀ fún ẹni tó yọ̀ǹda oko rẹ̀ bí irè oko ibẹ̀ bá dín kù lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀.

Ẹ má yan olùkọ́ torí oyè tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tí àwọn èèyàn ń dúró wo oko rẹ̀ bí wọ́n bá ń kọjá ni kí ẹ yàn. Kí obìnrin wà lára wọn, nítorí ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ ìyàwó ilé kì í sábà sí lórí ilẹ̀ tí ọkùnrin yóò mú àlejò lọ wò. Ẹ má pàdé lọ́jọ́ ọjà.

Wíwọn ojú ilẹ̀

Láti mọ ìlà tó tẹ́ déédéé gba ìbú òkè, kí ebè má bàa la ọ̀nà fún àgbàrá, ẹ gé igi gbọọrọ méjì, mítà 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ so orí wọn pọ̀, ẹ la ẹsẹ̀ wọn, ẹ fi igi kẹta dábùú láàárín bíi lẹ́tà A. Ẹ so okùn sórí rẹ̀, kí ẹ so òkúta mọ́ ìsàlẹ̀ okùn náà.

Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ kan èèkàn síbi ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ sàmì síbi tí okùn ti kan igi ìdábùú. Ẹ wá yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sójú èèkàn òsì, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ojú ìwọ̀n. Nínú oko, ẹ fi ẹsẹ̀ kan sójú kan, ẹ máa sún èkejì títí okùn yóò fi kan ojú ìwọ̀n, ẹ kan èèkàn síbẹ̀, kí ẹ sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ gba ìbú oko. Ibẹ̀ ni ebè yóò tọ̀.

Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni pé ẹsẹ̀ igi gun orí ebè àtijọ́, tàbí kí afẹ́fẹ́ máa mi okùn. Bí ìdè orí rẹ̀ bá dẹ̀, ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Lórí ìlà náà, ẹ gbin kóoko ọba tí a fi ń ṣe tíì, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 15, nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀. Fún ìlà tó kàn, ẹ dúró lórí ìlà ìsàlẹ̀, ẹ kọjú sí òkè oko, ẹ wo iwájú tààrà láìgbé orí sókè. Ibi tí ojú yín bá ti kan ilẹ̀ ni. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ tètè fi òmíràn dípò rẹ̀, torí àlàfo kan ṣoṣo ni gbogbo omi yóò gbà, yóò sì gbẹ́ ibẹ̀ di kòtò.

Kí ojú rí i

Ẹ fi ebè márùn-ún sílẹ̀ lọ́nà àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ márùn-ún tuntun. Nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbẹ́ kòtò tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, tó jìn ní 30, ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀. Lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye páànù ilẹ̀ tí ẹ kó jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lágbára tó páànù yẹn.

Nílé, ẹ la ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì lítà 5 méjì, ẹ bu ilẹ̀ oko kan náà sínú wọn, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ọ̀kan. Ẹ fi bíríkì gbé ìdí wọn sókè, ẹ gbé ife sẹ́nu wọn, ẹ fi agolo tí ẹ dá lu wọ́n omi lítà 2 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi ti ìhòòhò á pọ́n bí omi ògbólógbòó àgbàrá, ti èkejì á mọ́ jù ú lọ dáadáa.

Ilẹ̀ onílẹ̀

Alájẹpín àti ẹni tó yá ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbin igi sójú ìlà láìsọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi tó ń pẹ́ lórí ilẹ̀ ló jọ pé ó fẹ́ gbà á. Ẹ fi koríko nìkan ṣe é, ẹ sì sọ fún onílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.

Lọ́dún kejì, ẹ hú ìdajì ìdì kóoko ọba nínú oko àkọ́kọ́, ẹ fi ìdajì sílẹ̀. Ẹ ya á, ẹ gé ewé rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ gbé e lọ sí oko ẹni tó kàn, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an kí gbòǹgbò má bàa gbẹ.