Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú lílà òpópónà bí ìlú bá ń fẹ̀

Èyí tó burú jù ni kí ẹ la ọ̀nà kan ṣoṣo wọ àdúgbò tuntun, kí ẹ so klóòsì (ọ̀nà kúkúrú tí òpin rẹ̀ dí) mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ ní ẹ óò já wọn síra tó bá yá. Kì í sábà yá. Tí ilẹ̀ bá ti di ti onílẹ̀, ojú ọ̀nà ò ṣeé yí mọ́. Ní Manhattan ní New York, ilé ti wó, wọ́n ti kọ́ òmíràn, síbẹ̀ púpọ̀ nínú òpópónà tí wọ́n fi ètò ìlú ọdún 1811 là ṣì wà níbi tí wọ́n là á sí.

Láti mọ̀ bóyá ọ̀nà yín já síra tó, ẹ má fi ojú lásán wò ó. Ẹ mú máàpù, ẹ ka gbogbo oríta àti gbogbo ibi tí ọ̀nà ti dí. Ẹ ka ègé ọ̀nà tó wà láàárín wọn, kí ẹ wá fi iye oríta àti òpin pín iye ègé. Ọ̀nà tó ní klóòsì 5, tí òun náà sì dí níparí, ní ègé 11. Oríta àti òpin rẹ̀ jẹ́ 12, tí a bá ka ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. 0.92 nìyẹn. Ẹ fi ogún klóòsì kún un, kò ní dé 1 láéláé, nítorí ègé méjì tí klóòsì kọ̀ọ̀kan ń mú wá, oríta kan àti òpin kan ló ń bá a rìn. Ọ̀pọ̀ olùṣètò ìlú kì í gbà kó dín sí 1.4.

Gígùn ọ̀nà nìkan náà máa ń tan ni jẹ. UN-Habitat, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ibùgbé, dámọ̀ràn kìlómítà 18 òpópónà nínú kìlómítà kan níbùú lóòró, ṣùgbọ́n klóòsì lè pé iye yẹn, kí ilé méjì tó fẹ̀yìn kanra sì wà ní ìrìn kìlómítà kan síra.

Ẹ má sì fẹ ọ̀nà ńlá dípò kí ẹ já àwọn kékeré síra. Oríta kan náà ni gbogbo ọkọ̀ yóò ṣì dà sí. Bọ́ọ̀sì ò ní rí ibi gbà wọlé, ọkọ̀ panápaná ò sì ní rí ọ̀nà kejì.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ọ̀nà tó já síra yóò fa ọkọ̀ akọjá wọ àdúgbò, ẹ wo Houten ní Netherlands: ọkọ̀ ń yípo ìlú, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ń gba àárín kọjá tààrà.

Kí ẹ tó ta pulọ́ọ̀tì kankan, ẹ la ọ̀nà náà dé ààlà ilẹ̀ gan-an, ẹ fà á sínú sọ́fè, kí ẹ sì ri àkọlé mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé ọ̀nà yìí ń lọ síwájú.