Ilẹ̀ kọ́ ló jẹ ewé yẹn: bí a ṣe ń fi òṣùwọ̀n tọ kábọ́ọ̀nù lẹ́sẹ̀

Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá dé, tí ewé máńgòrò àti ti kajú ń wọ́ sílẹ̀ káàkiri agboolé ní Ògbómọ̀ṣọ́, a máa ń gbá a jọ, ká dáná sun ún tàbí ká dà á sí ààtàn. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, òkìtì tó ga dé àyà á ti lọ sílẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n á ní ilẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ilẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù: kábọ́ọ̀nù, ọ̀kan lára èròjà pàtàkì tó para pọ̀ di ewé, ló ń di gáàsì lọ, ẹ sì lè fi òṣùwọ̀n rí i fúnra yín.

Ẹ kọ́kọ́ wọn gáàsì nínú ike

Bí àwọn kòkòrò àìfojúrí ṣe ń jẹ ewé ni yíìsì ń jẹ ṣúgà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi yíìsì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò onílítà 1.5. Ike omi fẹ́lẹ́ jù, ìgò dígí sì lè bẹ́ mọ́ yín lójú, ẹ má lò ó rárá. Síkéèlì kékeré tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù, tó sì lè gbé gíráàmù 500, lẹ máa nílò. Èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹran lọ́jà kò lè rí ohun tí a ń wá.

Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 300 sínú ike, ẹ da ṣúgà gíráàmù 5 sí i, àti yíìsì gbígbẹ gíráàmù 3, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Tí omi bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró nínú rẹ̀, yíìsì á kú, ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ dé e pinpin, ẹ nu ara ike gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Tó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ike á ti le bíi ti ọtí tí wọn kò tíì ṣí. Ẹ tún un wọ̀n láìṣí i. Iye àná náà ni. Ṣúgà kò sí mọ́, síbẹ̀ ike kò fi ohunkóhun fúyẹ́. Wàyí o, ẹ rọra yí ìdérí, ẹ jẹ́ kó mí ṣìì, kẹ́ ẹ dé e padà, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Á ti fúyẹ́ sí i ní nǹkan bíi gíráàmù 1 sí 2. Ṣúgà gíráàmù 5 lè di kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, gáàsì tí àwa náà ń mí síta, bíi gíráàmù 2.5, gbogbo rẹ̀ kì í jáde lẹ́ẹ̀kan, torí díẹ̀ ṣì wà nínú omi àti nínú àlàfo ike.

Àwọn kan á ní ká fi bàlóònù bo ẹnu ike dípò ìdérí. Ó dùn ún wò, àmọ́ ó ń parọ́. Bàlóònù tó wú dé lítà 1.5 ti lé afẹ́fẹ́ lítà 1.5 kúrò láyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn sì wúwo tó gíráàmù 1.7. Ó ń gbé bàlóònù sókè bí omi ṣe ń gbé akèrègbè. Síkéèlì á wá kà pé nǹkan ti dín, nígbà tí gáàsì kankan kò jáde.

Agbára inú ṣúgà ńkọ́? Ẹ gbóòórùn ike náà: ọtí ni. Ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára ọ̀hún lọ tó ṣì wà nínú ọtí yẹn, ohun tó ń mú kí ògógóró gbiná nìyẹn. Díẹ̀ tó kù ni yíìsì fi gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ ró, tó sì di ooru.

Òkìtì ajílẹ̀ gan-an

Ewé gbígbẹ àti pòròpórò àgbàdo tí a gé wẹ́wẹ́, kílò 100. Ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ, kílò 40. Omi, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 márùn-ún. Àpò ni kẹ́ ẹ fi máa wọn ewé àti ìgbẹ́ lórí òṣùwọ̀n ìfìkọ́, kì í ṣe ojú lásán. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ewé fẹ́ kábọ́ọ̀nù bíi kílò 25 sí 30 fún náítírójìn, èròjà tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn, kílò kan. Náítírójìn inú ewé gbígbẹ kéré, ìgbẹ́ adìyẹ ló ń dí i. Tó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó lẹ kó wá láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ìṣirò yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́: kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sábà máa ń ju ìlọ́po 200 náítírójìn rẹ̀ lọ.

Ẹ tẹ́ ewé, ẹ bu ìgbẹ́ lé e, ẹ wọ́n omi, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi ga tó mítà kan, kó sì fẹ̀ tó mítà kan, ó kéré tán. Òkìtì tó kéré sí èyí kò lè pa ooru mọ́. Ẹ fún ẹ̀kúnwọ́ kan: tó bá kán ẹ̀kán kan tàbí méjì, omi rẹ̀ tó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, inú rẹ̀ á gbóná dé 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n ooru Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹ ti ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ọwọ́ kò bá lè dì í mú, iṣẹ́ ń lọ. Tó bá ti ń tutù, ẹ yí i po kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Oòrùn tí ewé ti gbà tẹ́lẹ̀ lórí igi ló ń di ooru yẹn. Ó sì pọ̀: ewé gbígbẹ kílò kan tó bá jẹrà tán ń mú ooru tó lè gbẹ omi bíi lítà 5 sí 7 jáde. Ẹni tó da omi sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ọyẹ́, tó sì lọ sùn, á bá òkìtì gbígbẹ tí kò gbóná, tí kò jẹrà. Tí òórùn rẹ̀ bá ń ta sí imú bí ìtọ̀ ọjọ́ pípẹ́, ìgbẹ́ adìyẹ ti pọ̀ jù, náítírójìn ló ń sá lọ. Ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ti dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ yí i po lójú ẹsẹ̀. Nírú òkìtì bẹ́ẹ̀, apá kan kábọ́ọ̀nù ń di mítéènì, gáàsì tó ṣì gbé agbára lọ́wọ́, tó ṣeé fi dáná bí a bá rí i gbá mú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ìwọ̀n ìkẹyìn. Wọ́n á wọn ajílẹ̀ tútù, wọ́n á fi wé ewé gbígbẹ, wọ́n á ní ó ti wúwo sí i. Ohun gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi wé ohun gbígbẹ. Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ láti ibi mẹ́rin márùn-ún nínú òkìtì, kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ kílò kan, ẹ sá a sóòrùn títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi yí padà fún ọjọ́ méjì. Tó bá ku gíráàmù 450, a jẹ́ pé ìdá 45 nínú 100 òkìtì yẹn ló jẹ́ ohun gbígbẹ. Irú òkìtì tiwa yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun gbígbẹ bíi kílò 120, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sì jẹ́ bíi kílò 50. Tí ìdajì kábọ́ọ̀nù bá lọ, ìyẹn kílò 25, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tó dà á wúwo tó kílò 92. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ohun tó jáde wúwo ju ohun tó dín lọ: kílò 67 inú rẹ̀ jẹ́ ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ la sì ti yá èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ tún rò pé kábọ́ọ̀nù inú ajílẹ̀ ni àgbàdo máa jẹ. Rárá o. Láti inú afẹ́fẹ́ ni ewé àgbàdo ti ń fa kábọ́ọ̀nù. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀táṣíọ̀mù ni gbòǹgbò ń wá nínú ajílẹ̀. Kábọ́ọ̀nù kílò 25 yẹn lè di máńgòrò l'Ọ́yọ́ tàbí àlùbọ́sà ní Sókótó. Ooru rẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní padà: kò sí ewé tó lè fi ooru òkìtì ṣe oúnjẹ, ìmọ́lẹ̀ tuntun ló gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó sì dáná sun ewé tirẹ̀ rán kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Eérú tó ṣẹ́kù, tó wúlò fún ọṣẹ dúdú, ni gbogbo èrè rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kó ajílẹ̀ lọ sóko, ẹ bu díẹ̀ tó tutù sínú ọ̀rá, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ so ó pinpin, ẹ gbé e síbi òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí ọ̀rá bá wú, tàbí tó rùn nígbà tẹ́ ẹ tú u, kábọ́ọ̀nù ṣì ń jáde níbẹ̀. Ẹ dá a padà sínú òkìtì fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Tó bá pẹlẹbẹ bẹ́ ẹ ṣe so ó, tó ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí, ó ti tó kó lọ sóko.