Bí mo ṣe tú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan palẹ̀ kí n lè mọ ibi tó ti bàjẹ́

Oṣù tó kọjá ni mo ra ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ẹni tó kọ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni, àmọ́ ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an torí pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáa débi pé orí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ni mo jókòó sí, mo ti ka ojú ìwé mẹ́rìndínlógún kí n tó rántí pé mo níbi tí mò ń lọ. Wọ́n bá ọkùnrin oníṣòwò kan ní òkú nílé ẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́rú. Oúnjẹ alẹ́ èèyàn méjì wà lórí tábìlì, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́, abọ́ kan ti mọ́ fééfé, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan èkejì. Ta ló jẹun tán tó sì dìde lọ? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí mo parí ìwé náà, inú bí mi. Ẹni tó pa ọkùnrin yẹn, ojú ìwé 171 la ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀, ìwé ọ̀hún ò sì ju 188 lọ. Mọ̀lẹ́bí kan tó ti Kútọnu dé ni. Abọ́ yẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Mo wá ní mi ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Mo mú ìwé àjákọ kan, mo fi rúlà fàlà sí i ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́ àti aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀, ohun tí kálukú wọn mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà kà láti ojú ìwé kìíní, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ mo kọ ọ́ sábẹ́ ilà tiẹ̀. Alẹ́ mẹ́rin ló gbà mí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo sì fi ka púpọ̀ nínú ẹ̀ torí iná wa ò dúró.

Ní alẹ́ kejì ni mo rí ti dókítà. Ó ní aago méje àárọ̀ ọjọ́rú yẹn ni ọkùnrin náà kú, bẹ́ẹ̀ sì rèé ojú ìwé tó ṣáájú ti sọ pé nígbà tí wọ́n bá a láago mẹ́sàn-án, òkú ti le gbagidi látorí dé ẹsẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Òkú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́rin, kó tó le tán pátápátá ó lè tó wákàtí méjìlá, lóòótọ́ ooru máa ń jẹ́ kó yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe wákàtí méjì. Àti pé ta ló ń jẹ oúnjẹ alẹ́ láago méje àárọ̀? Àyà mi já, mo ní háà, dókítà yìí ń purọ́! Mo ṣí ìwé lọ síwájú kíákíá kí n wo ibi tí wọ́n ti máa ká a mọ́. Wọn ò ká a mọ́ ibì kankan, òǹkọ̀wé ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti kọ nǹkan ńlá sílẹ̀.

Àwọn tó kù ò le tó yẹn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti ìyá afurasí mọ́lé kí ọmọ lè jáde wá, ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ti sọ ọ́ gbangba pé ẹ ò gbọ́dọ̀ mú ẹlòmíì dípò afurasí, nínú ìwé yìí lọ́yà ìdílé jókòó síbẹ̀ kò sì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, búkà ni ọ̀gá ọlọ́pàá ti ṣèèṣì gbọ́ tí apànìyàn ń jẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀. Láti 1929 ni àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Ronald Knox, ti kọ ọ́ sínú òfin mẹ́wàá tó ṣe fún irú ìtàn yìí pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ti yọjú láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kòńgẹ́ ò sì gbọdọ̀ bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣiṣẹ́ ẹ̀. Àwa tí à ń kà á, à ń bá wọn wá ẹni yẹn ni o. Tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ fún wa, kí la wá ń wá?

Èdè ẹnu wọn ló wá bà mí nínú jẹ́ jù. Opó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọkọ ẹ̀ ní: “Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀ dájúdájú, èmi ni ìyàwó olóògbé, inú mi sì bàjẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ nípa ikú ọkọ mi ọ̀wọ́n.” Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Mo lọ yọ *Àjà Ló Lẹrù* tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969 níbi tó wà, mo tún ka díẹ̀ níbẹ̀ kí etí mi lè padà sípò. Làpàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé yẹn, ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ àti ẹnu ara ẹ̀ ló fi ń wádìí, ọ̀rọ̀ sì ń dùn lẹ́nu wọn bí ìgbà téèyàn jókòó tì wọ́n.

Mo wá tún orí kẹta ìwé yẹn kọ fúnra mi. Ọ̀gá ọlọ́pàá bi opó léèrè pé ta ló wá jẹun lánàá. Kò dáhùn. Ó ń wo abọ́ tí wọn ò fọwọ́ kàn, ó ní: “Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí kúrò. Bàbá Kẹ́mi kì í jẹ ẹ̀bà tó bá ti tutù, màá lọ tẹ òmíì fún un.” Mo jẹ́ kí dókítà wà nínú yàrá yẹn, mo jẹ́ kó yára sọ pé aago méje àárọ̀ ni, kó tiẹ̀ tó tẹ̀ ba òkú, mo sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan ti sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré pé ọsibítù ni dókítà wà láti aago mẹ́fà ìdájí.

Lọ́jọ́ Àìkú mo kà á fún àǹtí mi, wọ́n ń já ẹ̀wẹ̀dù lọ́wọ́. Ó ku ojú ìwé mẹ́ta tí wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní, “Dúró ná. Dókítà yẹn ló jẹ ẹ̀bà yẹn.”