Bí a ṣe lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ tí a gbà tọ́

Ìparí oṣù Keje ni ilé ìwé máa ń tì l'Ékòó, ó sì máa ń di oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó wọlé padà. Ayọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti gbé ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí rí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, àkókò yìí lè dẹ́rù bà á ju bí ẹ ṣe rò lọ. Sùúrùlérè ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, bí a ṣe ṣe é nígbà tí ìsinmi àkọ́kọ́ kan ọmọbìnrin wa ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé àwọn òbí kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí máa kàn lọ́dún yìí.

Nílé ìtọ́jú, aago ló ń darí gbogbo nǹkan. Aago jíjí wà, aago ìwẹ̀ wà, gbogbo ọmọ jọ ń jẹun, wọ́n sì jọ ń sùn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ilé ìwé ló gba ipò aago yẹn. Ká wá sọ pé ilé ìwé tì, tíṣà tó fẹ́ràn kí i pé ó dàbọ̀, kò rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹnì kan sì tún gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kó aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Kí ni ọmọ náà máa rò? Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ìgbà tó rí i kẹ́yìn, kò padà síbi tó ti kúrò.

Nítorí náà, ìgbà tí ìdánwò táàmù kẹta ń lọ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra páálí funfun ńlá kan ní Ojúẹlẹ́gbà, mo fa ìlà sí i, mo kọ gbogbo ọjọ́ ìsinmi náà sí i títí dé ọjọ́ ìwọlé, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló kun ọjọ́ ìwọlé ní pupa. Lálẹ́, kó tó lọ sùn, á fagi lé ọjọ́ tó kọjá, a ó sì jọ ka ti ọ̀la. Ohun ńlá kọ́ ni à ń kọ síbẹ̀. "Ọjọ́ ìfọṣọ." "Mọ́mì lọ síbi iṣẹ́, Dádì wà nílé." "Màmá ń bọ̀ wá kí wa." Ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Tí nǹkan kan bá sì máa yí padà, a máa sọ fún un ṣáájú, a ó jọ fagi lé e, a ó jọ kọ òmíràn.

Mo tún bẹ ilé ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kó rí tíṣà kíláàsì tuntun kí wọ́n tó tì. Wọ́n gbà tayọ̀tayọ̀. Ó rí yàrá náà, ó jókòó sórí àga kan níbẹ̀, ó ti tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi í sí sọ́mà lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àkókò ìsinmi, láti ọjọ́ kìíní, kó má baà gbàgbé ìwé. N kò gbà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tíṣà kan pé ó dàbọ̀, kí ló kàn án kan tíṣà mìíràn àti àwọn ọmọ tí kò mọ̀ rí? A jẹ́ kí oṣù Kẹjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn nínú ilé ìwé tirẹ̀ gan-an, ní òwúrọ̀ nìkan. Ọkọ mi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ fún apá àkọ́kọ́, èmi gba tèmi fún apá ìkẹyìn. Láàárín, obìnrin kan ní àdúgbò wa ló ń wà pẹ̀lú rẹ̀, òun kan náà lójoojúmọ́. Mo dúró lórí èyí gan-an: kí ọmọ má máa ti ọwọ́ àǹtí kan bọ́ sí ọwọ́ àǹtí mìíràn.

Ọ̀rọ̀ Màámi, tí ọmọ ń pè ní Màmá, ló gba àkókò jù. Ilé ìdílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti ń retí pé kí ọmọ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àwọn, bí gbogbo ọmọ-ọmọ wọn ṣe máa ń ṣe. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é díẹ̀díẹ̀." Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìyẹn, a lọ kí wọn, a jẹ ọ̀sán, a sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà tó yá, a jọ lọ sùn síbẹ̀, èmi àti òun lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ìgbà tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, tó mọ ibi tí Màmá ń tọ́jú ṣúgà sí, ló tó di pé ó lè wà lọ́dọ̀ wọn láìsí mi, mo sì ń pè é lórí fóònù lálaalẹ́ ní àkókò kan náà.

Báàgì ńkọ́? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó o. Mo jókòó tì í, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ó ṣe ń kó o lọ́wọ́ ló bi mí pé, "Mọ́mì, ta ló máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi?" Níbi tó ti wá, bí ọmọ kan bá lọ, ọmọ mìíràn á gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa sùn síbẹ̀. Tìẹ ni." Ó gbé bàtà ilé ìwé rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá pa báàgì dé. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ohun tó ṣe iyebíye sí i sílẹ̀ nílé. Ìdánilójú tó wà nínú ìyẹn ju ẹgbẹ̀rún ìlérí lọ.

Mo ti sọ fún Màámi ṣáájú pé ìtàn bí ọmọ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti agbo ilé. Nígbà tí ìyá kan nínú agboolé wá béèrè pé, "Ṣé èyí ni ọmọ tí wọ́n lọ gbà?", Màámi ní, "Ọmọ ọmọ mi ni. Àṣàkẹ́, wá kúnlẹ̀ kí Ìyá." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn, oríkì ìdílé wa sì ni wọ́n fi ń jí i láràárọ̀ títí tó fi mọ ọ́n kì. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wọn: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2007, fi hàn pé bí ilé ẹjọ́ bá ti fọwọ́ sí ìgbàtọ́, ọmọ náà di ọmọ ẹni gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ẹni ló bí i.

Ní ti ìgbádùn, a kò kó o lọ síbi púpọ̀. Òjò máa ń dáwọ́ díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ l'Ékòó, a sì lò ó. Ìjáde kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kejì ìjáde sì jẹ́ ọjọ́ ilé. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ọkọ̀ ojú irin oníná tó ń lọ láti Mile 2 sí Marina, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. A wọ̀ ọ́ ní ibùdókọ̀ National Theatre ní Ìgànmú, káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ni wọ́n fi ń wọlé, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi káàdì kan ẹ̀rọ. Kété lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ gorí ọ̀sà. Láti Marina, a rìn dé Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Ó bi mí bóyá àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa jáde. Mo ní àwọn kan mọ̀, àwọn mìíràn kò mọ̀. Ó ní ebi ń pa òun, a wá ra púfù-púfù.

A tún lọ wo ọ̀bọ ní Lekki Conservation Centre. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, èrò kì í pọ̀ tó ti òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí ìwé, kí ẹ fi sí àpò aṣọ ọmọ, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá sọnù síra yín.

Àárò àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìtọ́jú sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí kò sí ohun kan tó fà á. Ó sunkún gan-an. A kò sọ fún un pé kó gbàgbé wọn. Mo kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ wa sọ̀rọ̀, ó ní kò burú, a sì pe àǹtí tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìrẹsì ọjọ́ Sunday. Lẹ́yìn náà ló jẹun, tó sì sùn dáadáa.

Mo pe àwọn ìdílé mélòó kan tí a jọ ṣe ìwé ìgbàtọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa wá sílé wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo dín àkàrà, mo po ògì. Àwọn ọmọ ń ṣeré, àwa ń sọ̀rọ̀. Ìyá kan ní láti ìgbà tí ilé ìwé ti tì ni ọmọ òun ti ń kó búrẹ́dì pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Òmíràn ní tòun tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má bá ọmọ wí. Kí ìyá àkọ́kọ́ gbé abọ́ kan sórí tábìlì, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bisikíìtì má tán nínú rẹ̀, kí ọmọ máa mú nígbà tó bá fẹ́. Ó pè mí lẹ́yìn náà pé búrẹ́dì abẹ́ ìrọ̀rí ti ń dínkù.

Ìdílé kan nínú wọn kò tíì gba ìwé ilé ẹjọ́. Oṣù mẹ́ta léraléra ni ọmọ gbọ́dọ̀ ti lò lọ́dọ̀ ẹni kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ṣì wà nínú àkókò yẹn, ẹ má mú ọmọ rìnrìn àjò kúrò l'Ékòó láìsọ fún òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀ yín wò.

Nígbà tí àwọ̀ pupa orí páálí sún mọ́lé, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó máa tètè sùn sí i díẹ̀díẹ̀. A jọ lọ wọn yúnífọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ télọ̀ nítorí ó ti ga sí i, a gba ẹnu géètì ilé ìwé kọjá, a sì kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìdílé wa sára gbogbo ìwé tuntun.