Bí Ọ̀rọ̀ Ńlá Bá Délẹ̀ Tẹ́ Ò Mọ Èyí Tẹ́ Ẹ Máa Mú

Ṣé kẹ́ ẹ ta ilẹ̀ ni àbí kẹ́ ẹ má tà á, ṣé kẹ́ ẹ fi oko sílẹ̀ lọ wáṣẹ́ oṣù, àbí kẹ́ ẹ yáwó ra ẹ̀rọ? Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ń rò ó lóròòru, ilẹ̀ á mọ́, ibi tẹ́ ẹ wà lánàá náà lẹ ṣì wà. Ẹ má bú ara yín o, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan.

Ìbẹ̀rù àdánù ló ń so wá mọ́lẹ̀ jù. Lọ́dún 1979 Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, kọ ọ́ jáde pé ohun tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn máa ń dùn ún wọra ju bí irú ẹ̀ ṣe máa múnú ẹ̀ dùn tó bá rí i he. Ìdí nìyẹn tá a fi ń di ohun tó wà lọ́wọ́ mú gírígírí, kódà tó bá ti ń pa wá lára, àá ní a ò tíì pinnu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, jíjókòó tá a jókòó yẹn gan-an, ìpinnu ni.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ọ̀nà yìí ní àbọ̀? Irúgbìn tuntun ní àbọ̀, ẹ fi igun kan nínú oko dán an wò, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, tó bá kọ̀, ẹ padà. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti tà, ó tán. Àmọ́ ohun tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á fi oṣù kan gbáko ronú lórí irúgbìn, á wá ta ilẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan torí pé ẹni tó fẹ́ rà á ń kánjú (ìkánjú tiẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tiyín).

Fún èyí tí ò ní àbọ̀, ẹ mú pépà. Lọ́dún 1772 Benjamin Franklin, ọ̀mọ̀wé kan ará Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ Joseph Priestley, ó ní òun máa ń fa ìlà sáàárín pépà, òun á kọ ohun tó dáa nínú ọ̀rọ̀ náà sápá kan, òun á kọ èyí tí ò dáa sápá kejì, òun á máa fi kún un fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí méjì bá wúwo bákan náà òun á fagi lé méjèèjì, ẹyọ kan tiẹ̀ lè wúwo tó méjì, òun á wá wo ibi tí nǹkan ṣẹ́ kù sí. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ló wù mí jù níbẹ̀, torí ohun téèyàn fi ìbínú kọ lálẹ́, tílẹ̀ bá mọ́ ó lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ pe gbogbo ilé jọ, ẹ ní, “Ká ní ọdún méjì ti kọjá, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dàrú pátápátá, kí ló dà á rú?” Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ o, torí tí bàbá bá ti là á sílẹ̀, kálukú á kàn máa mi orí ni.

Owó tó ti wọlẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sínú pépà yẹn rárá. Kànga tí ò lómi ò ní tìtorí owó àná sun omi lọ́la.

Ẹ wá dá ọjọ́ kan, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn pépà náà. Tọ́jọ́ bá pé, ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ fi mú un sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀, kó lè jẹ́ pé tójò bá kọ̀ tí ò rọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ò ní máa bá ara yín jà lórí ohun tẹ́nì kankan ò lè mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ pinnu.