Bẹ́ ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ fíìmù Túndé Kèlání

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ wo Agogo Èèwọ̀ o! Ṣaworoidẹ tó jáde ní 1999 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìtàn ìlú Jogbo ti ṣẹ̀ wá, Agogo Èèwọ̀ ti 2002 kàn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ẹ gbé fóònù tì, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ìlù dáadáa, torí ìlù yẹn gan-an ń sọ̀rọ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló sì kọ ìtàn fíìmù náà, bàbá ò fòwe ṣeré rárá. Tí ibì kan ò bá yé yín, ẹ dá a padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù (subtitle) ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ jàre, ó ń ba adùn ẹ̀ jẹ́. Lójú tèmi o, kò sí ọba burúkú tó dùn ún wò tó Lápité tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe.